Carter, sòbìà àti àwọn fáńdéṣọ̀n ìgboro Ìbàdàn

Ẹni tó bá wọ mọ́tò láti Ìwó Road lọ sí Challenge lásìkò yìí yóò rí i pé ojú olóṣèlú ló kún ara pátákó ojú títì, àmọ́ orúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú kọ́ ló wà lábẹ́ ẹ̀. Fáńdéṣọ̀n ni. Fáńdéṣọ̀n lágbájá fẹ́ yẹ ojú àwọn àgbàlagbà wò lọ́fẹ̀ẹ́, ti tàmẹ̀dò fẹ́ san owó ìdánwò WAEC fáwọn ọmọ wọ́ọ̀dù rẹ̀, ti lákáṣègbè ń pín ẹ̀rọ ìránṣọ àti ẹ̀rọ ìlọta. Ìbò ọdún 2027 ló ń bọ̀, kò sí ẹni tí kò mọ̀.

Lákòókò kan náà, àwọn àjọ aláàánú tó ti ń bá wa ṣiṣẹ́ tipẹ́tipẹ́ ń di ẹrù wọn. USAID, àjọ tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń náwó ìrànwọ́ sí òkè òkun láti ọdún 1961, ni wọ́n tì pa ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2025. Ìlú tó ní yunifásítì àti UCH bíi tiwa kò lè ṣàìmọ̀ ọ́n lára. Ọ̀pọ̀ ètò ìlera, ti HIV pàápàá, owó Amẹ́ríkà ló ń gbé e ró, àwọn tó sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba tí yóò rí ibòmíràn gba owó oṣù. Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè kan fi ń jáde léraléra níbi táwọn èèyàn bá ti ń sọ̀rọ̀ òṣèlú: àwọn olóṣèlú tó ní fáńdéṣọ̀n yìí, ṣé wọn ò lè dí àlàfo náà ni? Ṣé ẹni tó ti ṣe gómìnà tàbí sẹ́nétọ̀ kò lè fi ìyókù ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe iṣẹ́ àánú gidi?

Ó ṣeé ṣe. Ẹnì kan ṣe é lójú ayé wa, ó sì ṣe é fún ohun tó lé ní ogójì ọdún. Jimmy Carter ni, Ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà kan rí, tó kú ní ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá ọdún 2024 lẹ́ni ọgọ́rùn-ún ọdún. Mo mọ̀ pé àpẹẹrẹ Amẹ́ríkà máa ń sú ni. Èyí kò jìnnà sílé tó bẹ́ẹ̀, nítorí iṣẹ́ tó sọ Carter di ẹni àpọ́nlé lẹ́yìn òṣèlú, ogun sòbìà, aràn tó ń ti inú omi mímu wọ ara, tí àwọn ará Ìbàràpá ti ń jà kó tó débẹ̀ ni.

Ọmọ àgbẹ̀ ẹ̀pà ni Carter. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1924 ni wọ́n bí i ní Plains, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Georgia. Georgia yìí náà ni Thomas Bowen ti wá, òyìnbó Onítẹ̀bọmi tó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1850, tó sì dé Abẹ́òkúta, Ìjàyè àti Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́yìn náà. Onítẹ̀bọmi ni Carter pẹ̀lú, ó sì ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi títí tó fi di arúgbó kùjọ́kùjọ́. Ó wọ iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi, ó jáde ní ilé ẹ̀kọ́ wọn ní 1946, ó ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ abẹ́ omi, ó sì wà lára àwọn tí wọ́n yàn sí ètò ọkọ̀ abẹ́ omi tó ń lo agbára núkílíà. Nígbà tí baba rẹ̀ kú ní 1953, ó fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀, ó padà sídìí ẹ̀pà.

Bó ṣe wọ òṣèlú ni ará Ìbàdàn yóò fẹ́ràn láti gbọ́. Ní 1962, ó díje fún ipò aṣòfin ní Georgia. Ní àgbègbè kan tí wọ́n ń pè ní Quitman, bàbá ìsàlẹ̀ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Joe Hurst. Hurst dúró ti àpótí ìbò, ó ń sọ ẹni tí kálukú máa dìbò fún lójú gbogbo ayé. Nígbà tí wọ́n ka ìbò, ìwé ìbò inú àpótí pọ̀ ju àwọn tó wá dìbò lọ, àwọn òkú sì ti dìbò lẹ́sẹẹsẹ gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà orúkọ wọn ṣe tò nínú ìwé. Carter fìdí rẹmi. Ó gba kóòtù lọ, wọ́n ṣí àpótí, ọ̀rọ̀ sì yí padà. Òun ló wọlé. Ìlú tó mọ ohun tí ìbò 1965 dá sílẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn, tó rí iná Wẹ́tì-ẹ́, kò ní bi mí léèrè ìdí tí ọkùnrin yìí fi wá di ẹni tó ń káàkiri ayé láti ṣọ́ àpótí ìbò ẹlòmíì.

Ẹ má rò pé ẹni mímọ́ ni. Ó fìdí rẹmi nínú ìdíje gómìnà ní 1966. Nígbà tó tún jáde ní 1970, ó fi ọ̀rọ̀ dídùn wá ojú rere àwọn òyìnbó tí kò fẹ́ kí aláwọ̀ dúdú bá wọn jókòó, ó sì wọlé. Ọjọ́ tí wọ́n búra fún un ní 1971 ló kéde pé àsìkò ìyàsọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ ti kọjá. Inú àwọn kan lára àwọn tó dìbò fún un bàjẹ́ gan-an. Olóṣèlú ni.

Ọdún mẹ́rin ló fi ṣe Ààrẹ, láti 1977 sí 1981. Wọ́n rántí rẹ̀ fún ọjọ́ 13 tó fi há Ààrẹ Íjíbítì àti olórí ìjọba Ísírẹ́lì mọ́ Camp David, ilé ìsinmi àwọn Ààrẹ Amẹ́ríkà, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1978 títí wọ́n fi fẹnu kò lórí àlàáfíà. Àwa rántí rẹ̀ fún ohun mìíràn: ní ọdún yẹn kan náà, ní ìparí oṣù Kẹta wọ oṣù Kẹrin, ó wá sí Èkó lálejò Ọbásanjọ́, òun sì ni Ààrẹ Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó ṣe àbẹ̀wò ìjọba sí ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú ní gúúsù Sàhárà. Iran ló fọ́ ọ lórí. Wọ́n kó àwọn ará Amẹ́ríkà nígbèkùn ní Tehran ní oṣù Kọkànlá 1979, 52 nínú wọn lo ọjọ́ 444; ó rán àwọn ọmọ ogun lọ gbà wọ́n ní 1980, mẹ́jọ kú nínú aṣálẹ̀ láìdé ọ̀dọ̀ wọn. Ọjà wọ́n, epo mọ́tò di góòlù. Nínú ìbò 1980, Ronald Reagan tó bá a díje gba ìpínlẹ̀ 44 mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹni ọdún 56 ni, ó padà sí Plains, ó sì bá iṣẹ́ ẹ̀pà tó fi sílẹ̀ fún àwọn alábòójútó nínú gbèsè tó lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là. Ó ní láti tà á.

Nílẹ̀ wa, ibi tí ìtàn máa ń parí sí nìyẹn. Olóṣèlú tó bá fìdí rẹmi yóò yí ẹgbẹ́ padà, tàbí kó jókòó sílé máa dúró de ìbò mìíràn. Carter lọ dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní Atlanta ní 1982, òun àti Rosalynn ìyàwó rẹ̀, pẹ̀lú Yunifásítì Emory. Carter Center ni. Lérò tirẹ̀ nígbà náà, ibi tí àwọn tó ń jagun yóò ti wá jókòó sọ̀rọ̀ bíi ti Camp David ni yóò jẹ́. Àrùn kò tilẹ̀ sí lọ́kàn rẹ̀. Ọ̀dọ̀ dókítà kan tó ti bá a ṣiṣẹ́ nígbà tó wà níjọba, Peter Bourne, ló ti kọ́kọ́ gbọ́ nípa sòbìà.

Àwọn tó dàgbà ní Ìgbó-Ọrà, Èrúwà tàbí Láńlátẹ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé sòbìà fún wọn. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ló yẹ ká sọ ọ́ fún, nítorí wọn ò rí i rí, wọn ò sì ní rí i.

Omi ọ̀gọ̀dọ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn kòkòrò wínníwínní kan wà nínú omi tó dúró sójú kan, wọ́n kéré débi pé agbára káká ni ojú fi ń rí wọn. Inú wọn ni ọmọ aràn náà ń gbé. Ẹni tó bá bu omi yìí mu ti gbé aràn mì nìyẹn. Kòkòrò yóò kú sínú rẹ̀, aràn kò ní kú. Yóò lu ìfun jáde, akọ àti abo yóò pàdé nínú ara, akọ yóò kú, abo yóò máa gùn sí i lábẹ́ awọ. Ó máa ń tó bí ọdún kan kí ẹni náà tó mọ̀ pé òun gbé nǹkan kan. Nígbà tí abo bá gùn tó nǹkan bíi mítà kan, yóò wá ibi tí yóò gbà jáde, ẹsẹ̀ ló sì sábà máa ń jẹ́. Ibẹ̀ yóò wú, yóò lé róró bí ẹni pé iná jó o, oró rẹ̀ yóò sì le débi pé ohun tí aláìsàn ń wá ni ibi tí yóò ti ki ẹsẹ̀ bọ omi tútù. Ohun tí aràn náà ń fẹ́ gan-an nìyẹn. Bó bá ti kan omi, á tú àwọn ọmọ rẹ̀ sínú ẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu, kòkòrò á gbé wọn mì, àwọn ará ìlú á wá pọn omi.

Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, kò sí oògùn tó ń pa á nínú ara títí di òní olónìí. Ohun tí wọ́n ń ṣe láyé àwọn baba ńlá wa náà ni wọ́n ṣì ń ṣe: wọ́n á máa ká aràn náà mọ́ igi tín-ín-rín díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, tìṣọ́ratìṣọ́ra, kó má baà já. Bó bá já sínú, wàhálà dé. Ìrírí ló bí òwe tí wọ́n ń pa pé kí sòbìà tó degbò, olúgàm̀be là á kọ́kọ́ ké sí. Èyí tó tún burú ni pé àsìkò tí iṣẹ́ oko bá ń gbóná ló máa ń yọ. Baba ò lè roko, ìyá ò lè kiri ọjà, ọmọ ò lè rìn dé ilé ìwé. Ẹnikẹ́ni kì í sábà tipa rẹ̀ kú, ìdí sì nìyẹn tí àwọn tó wà nílé ìjọba kò fi kà á sí fún ìgbà pípẹ́.

Yunifásítì Ìbàdàn ti ní ètò ìlera kan ní Ìbàràpá láti 1963, ibùdó rẹ̀ wà ní Ìgbó-Ọrà, ibẹ̀ làwọn tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà ti máa ń lọ gbé láàárín ìlú kí wọ́n lè mọ bí àìsàn ṣe rí níta ọsibítù. Ní Ìdèrè, tí kò jìnnà síbẹ̀, àwọn olùwádìí láti yunifásítì náà jókòó ti ọ̀rọ̀ sòbìà. Wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ ará ìlú kò gbà pé omi ló ń fà á. Lójú àwọn kan, ó ti wà lára gbogbo èèyàn bí iṣan látìgbà tí wọ́n ti bí wọn; àwọn mìíràn so ó mọ́ ìbínú Ṣọ̀pọ̀nná. Ẹni tó bá kàn dé láti ìgboro, tó ní kí wọ́n máa se omi mu, kò sẹ́ni tó máa dá a lóhùn. Igi ìdáná dà? Ta ló fẹ́ se omi tó máa gbé lọ sóko?

Asẹ́ ni wọ́n lò. Aṣọ náílọ̀nù kan wà tí ojú rẹ̀ kéré tó láti mú kòkòrò náà, tí omi sì ń gba inú rẹ̀ kọjá wẹ́rẹ́. Àwọn télọ̀ inú ìlú ló rán an, àwọn ará ìlú tí wọ́n kọ́ ní iṣẹ́ ìlera abúlé ló sì gbé e kiri. Títà ni wọ́n ń tà á, lówó pọ́ọ́kú. Mo máa ń rántí èyí nígbàkigbà tí mo bá rí ọkọ̀ tó kó ẹrù ọ̀fẹ́ tí àwòrán olóṣèlú wà lára àpò rẹ̀. Ohun tí èèyàn fowó ara rẹ̀ rà, á béèrè bó ṣe ń ṣiṣẹ́.

Nítorí náà, nígbà tí Carter gba sòbìà ṣe iṣẹ́ ní 1986, kì í ṣe òun ló mú ọgbọ́n wá. Ohun tí òun mú wá ni ohun tí olùwádìí Ìbàdàn àti télọ̀ Ìdèrè kò ní. Ó lè gbé fóònù kí Ààrẹ orílẹ̀-èdè kan sì gbé e. Ó lè wọ ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ DuPont, kí wọ́n fún un ní aṣọ asẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, kí ilé iṣẹ́ American Cyanamid náà fún un ní oògùn Abate tí wọ́n ń dà sínú ọ̀gọ̀dọ̀ láti pa kòkòrò. Ní oṣù Kẹta ọdún 1988, ó lọ sí abúlé Denchira ní Gánà. Ó rí ọ̀dọ́bìnrin kan tó rò pé ó gbé ọmọ mọ́ àyà. Ó súnmọ́ ọn láti bá ọmọ náà ṣeré. Ọmú rẹ̀ tó ti wú ló gbé dání, sòbìà ń yọ jáde níbẹ̀. Carter sọ ìtàn yẹn káàkiri títí tó fi kú.

Ní 1995, ó bá ìjọba Sudan àtàwọn ọlọ̀tẹ̀ gúúsù sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi gbà láti dá ogun dúró, kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera lè wọ àwọn abúlé tí sòbìà ti ń jà. Ó tó oṣù mẹ́fà tí ìbọn fi dákẹ́ nítorí aràn. Sí mi, kò sí ibòmíràn tí iṣẹ́ òṣèlú àti iṣẹ́ àánú ti jọ pàdé tó bẹ́ẹ̀. Dókítà kan ò lè ṣe é, ọlọ́rọ̀ kan ò lè fowó rà á. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń bá ọlọ́kàn líle dúnàá-dúrà ló lè ṣe é, tí kò sì ní ipò kankan tó ń wá mọ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Nígbà tí Nàìjíríà ka àwọn tó ní sòbìà láti abúlé dé abúlé fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 1988 sí 1989, wọ́n lé ní 653,000. Kò sí orílẹ̀-èdè tó pọ̀ tó tiwa lágbàáyé, Ọ̀yọ́ sì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó ti gbilẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ka iye yẹn lọ́dọọdún, tó ń wálẹ̀.

Ibí yìí ni olóṣèlú tiwa tó di aláàánú ti wọlé. Yakubu Gowon ni, ológun tó ṣe olórí ìjọba fún ọdún mẹ́sàn-án, tí wọ́n gbàjọba mọ́ lọ́wọ́ ní oṣù Keje 1975 nígbà tó wà ní ìpàdé ní Kampala. Ó lọ sí Yunifásítì Warwick ní Ìlú Ọba, ó bá àwọn ọmọ kéékèèké tò fún oúnjẹ ilé ìwé, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé níbẹ̀. Nígbà tó padà wálé, ó dá Yakubu Gowon Centre sílẹ̀. Carter bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun lé ìyókù sòbìà jáde ní Nàìjíríà, Gowon sì ń wọ abúlé kiri, ó ń bá àwọn gómìnà àti alága ìjọba ìbílẹ̀ sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n gbẹ́ kànga ẹ̀rọ síbi tí àìsàn náà wà. Oṣù Kọkànlá ọdún 2008 ni ẹni ìkẹyìn ní sòbìà ní Nàìjíríà, ní ìpínlẹ̀ Enugu. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé ó ti tán nílẹ̀ wa.

Àwọn tó ń sọ pé kò sí irú Carter láàárín wa gbàgbé Gowon. Bóyá torí pé kò sí pátákó rẹ̀ lójú títì ni.

Nínú gbogbo èyí, ohun kan ló yàtọ̀ gedegbe sí ohun tí a ń rí láàárín Ìwó Road sí Challenge. Kì í ṣe pé Carter láàánú ju àwọn tiwa lọ. Èmi ò wo ọkàn ẹnikẹ́ni. Ó mú iṣẹ́ kan tó ní òǹkà, tí ẹlòmíì sì ń kà á. Mílíọ̀nù mẹ́ta àbọ̀ èèyàn ní orílẹ̀-èdè 21 ni wọ́n fojú bù pé ó ń ní sòbìà lọ́dọọdún nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1986. Lọ́dọọdún, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àwọn ìjọba ń gbé iye tuntun jáde, bó bá lọ sókè, gbogbo ayé á rí i. Òun kọ́ ló ń ka iṣẹ́ ara rẹ̀. Àwòrán bí wọ́n ṣe ń pín ìrẹsì kò lè sọ fún wa bóyá ebi dín kù ní Bẹẹrẹ.

Èkejì ni pé kò dupò mọ́. Ẹni tó fún ọ ní asẹ́ lónìí tó ń bọ̀ wá béèrè ìbò rẹ lọ́la, kò sọ fún ọ pé ọ̀gọ̀dọ̀ yín yẹ kó di kànga, torí ọdọọdún ló fẹ́ máa pín asẹ́. Ìbàdàn mọ irú òṣèlú bẹ́ẹ̀ dáadáa. Olóògbé Lamidi Adédibú, tí ilé rẹ̀ ní Mólété kì í ṣófo, tí wọ́n fi àmàlà sọ irú òṣèlú tirẹ̀ lórúkọ, ń bọ́ èèyàn lójoojúmọ́, àwọn tó ń jẹun níbẹ̀ sì mọ ìdí tí wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Ó kéré tán, Àlájì kò pè é ní fáńdéṣọ̀n.

Ṣé owó tí Carter ń ná mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀? Rárá o. Lára àwọn tó kọ́kọ́ fún un lówó ni Agha Hasan Abedi, ará Pakistan tó dá báǹkì BCCI sílẹ̀. Ní oṣù Keje 1991, ìjọba orílẹ̀-èdè lóríṣiríṣi tì báǹkì náà pa torí jìbìtì, ọ̀kan lára èyí tó tóbi jù tí ayé rí. Ryoichi Sasakawa ará Japan, tó bá a dá ètò iṣẹ́ àgbẹ̀ sílẹ̀ ní Áfíríkà, ni Amẹ́ríkà ti tì mọ́lé fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì láìgbé e dé kóòtù. Nígbà tí Carter lọ sí North Korea ní 1994, inú bí àwọn èèyàn Ààrẹ Clinton pé ó ń ṣe bí ẹni pé òun ṣì ni Ààrẹ. Lẹ́yìn ìwé tó kọ lórí Ísírẹ́lì àti Palẹstínì ní 2006, 14 lára àwọn olùdámọ̀ràn Carter Center kọ̀wé fi ipò sílẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní nìkan ló lè ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ohun tó jẹ́ ká lè sọ̀rọ̀ lórí owó rẹ̀ ni pé orúkọ àwọn tó fún un lówó wà lákọsílẹ̀.

Ó sì lè bá ọ̀rẹ́ jà. Ọbásanjọ́ jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti 1978. Nígbà tí Ọbásanjọ́ díje ní 1999, Carter wá ṣọ́ ìbò náà. Kó tó kúrò, ó kọ̀wé sí alága INEC pé ohun tí àwọn rí kò jẹ́ kí àwọn lè sọ ní pàtó pé bí èsì ṣe rí nìyẹn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló wọlé o.

Ẹ wá jẹ́ ká wo òfin tiwa, torí òfin kò ṣaláìsí. Fáńdéṣọ̀n tó bá fẹ́ jẹ́ ojúlówó gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, lábẹ́ apá F òfin ilé iṣẹ́ ọdún 2020, tí wọ́n ń pè ní CAMA. Orúkọ àwọn alábòójútó rẹ̀ yóò wà níbẹ̀. Owó tó bá wọlé, orí iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ dá a sílẹ̀ nìkan ni wọ́n gbọ́dọ̀ ná an lé, wọn kò gbọ́dọ̀ pín èrè fún ọmọ ẹgbẹ́. Láàárín ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà sí ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá lọ́dọọdún ló yẹ kí wọ́n fi ìwé ìròyìn ọdún wọn ránṣẹ́. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ ní SCUML, ẹ̀ka tó ń ṣọ́ owó àìtọ́ lábẹ́ EFCC. Ẹnikẹ́ni ló lè tẹ orúkọ fáńdéṣọ̀n sínú àyè ìwádìí CAC lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kó wò ó bóyá ó wà, àti bóyá ó ń ṣe ojúṣe rẹ̀ lọ́dọọdún. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Mo ti tẹ orúkọ mélòó kan tí mo rí lójú títì. Kì í ṣe gbogbo wọn ló jáde.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ síwájú sí i lè béèrè lọ́wọ́ àwọn tó bá wá pín nǹkan ní wọ́ọ̀dù rẹ̀: ta ni ọ̀dítọ̀ yín? Ṣé ẹ wà níbí ní ọdún tí kò sí ìbò? Kí ló máa tán pátápátá bí iṣẹ́ yín bá yọrí, tí ẹ ó fi lè kó ẹrù yín lọ? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni mo ka sí jù. Sòbìà tán ní Ìbàràpá. Kò sí ẹni tó ń pín asẹ́ ní Ìdèrè mọ́, kò sì yẹ kó sí.

Carter ò rí òpin aràn náà. Ní 2015, nígbà tí wọ́n rí jẹjẹrẹ nínú ọpọlọ rẹ̀, ó sọ fáwọn oníròyìn pé òun fẹ́ kí sòbìà tó gbẹ̀yìn kú ṣáájú òun. Jẹjẹrẹ náà lọ sílẹ̀, ó tún lo ọdún mẹ́sàn-án. Lọ́dún tó kú, èèyàn 15 péré ló ní sòbìà ní gbogbo ayé. Lọ́dún 2025, wọ́n jẹ́ 10. Ajá ló wá di ìṣòro báyìí, ní Chad pàápàá, torí aràn náà ti wọ ara wọn, ajá kò sì mọ̀ pé òun kò gbọ́dọ̀ wọ odò. Chad, South Sudan, Ethiopia, Mali, Angola àti Sudan ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kò tíì fọwọ́ sí pé ó ti tán níbẹ̀. Ọdún 2030 ni wọ́n dá fún un. Owó ìrànwọ́ Amẹ́ríkà tí wọ́n gé yìí kan ọ̀pọ̀ ibi tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ń lọ.

Ní ti ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, Paige Alexander, obìnrin tó ti jẹ́ ọ̀gá ní USAID, ni olùdarí àgbà rẹ̀ láti 2020. Alága ìgbìmọ̀ rẹ̀ láti 2015 ni Jason Carter, ọmọ ọmọ Jimmy. Olóṣèlú lòun náà tẹ́lẹ̀: ó ti ṣe aṣòfin ní Georgia bíi baba ńlá rẹ̀, ó díje fún gómìnà ní 2014, ó sì fìdí rẹmi. Kò tíì díje mọ́ látìgbà náà.